Ọjọ́ tí Sókótó Mu Omi Ìrìbọmi Ìyá Ọkọ Mi

Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí wọ́n tó mú mi kúrò nílé ìwé, nítorí náà, kí ẹni tó bá ń ka èyí má retí gẹ̀ẹ́sì olùkọ́ lọ́wọ́ mi. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mò ń kọ. Ojú mi ò ríran tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, àmọ́ orí mi pé. Mo rántí gbogbo àwọn tí a jọ gbé ní Sókótó nígbà náà, tọkùnrin tobìnrin, mo rántí orúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n àti èyí tí wọ́n gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àràárọ̀ ni mo máa ń pè wọ́n níkọ̀ọ̀kan nínú àdúrà. N ò ní kọ orúkọ wọn síbí o. Púpọ̀ nínú wọn ti sùn, n ò sì rí wọn kí n bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́.

Ọkọ mi ni mo fi kún àwọn orúkọ yẹn gbẹ̀yìn. Ọyẹ́ tó kọjá yìí ló lọ. Àwọn ọmọ ní kí n má máa dá jókòó, wọ́n ní ìrònú ò dáa fún ẹni tó ti dàgbà. Mo ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, ohun tí mò ń rò dùn mọ́ mi. Ọjọ́ Ìsinmi kan nínú ooru Sókótó ni mò ń rò, lọ́dún tí àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ò tíì lọ, tí gbogbo wa ń sáré káàkiri Tudun Wada, àdúgbò wa, bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó, tí ọkọ mi, ọkùnrin tó fẹ́ràn láti máa wọ funfun, gbé ìkòkò omi lérí láàárín ìgboro nítorí ìyá rẹ̀.

Ìyá Àgbà ni gbogbo wa ń pe ìyá rẹ̀ yìí. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá bá wa lẹ́yìn tí bàbá ọkọ mi kú. Ọkọ mi ń ta abọ́ tánganran lọ́jà, a sì ń gbé yàrá alámọ̀ tí ògiri rẹ̀ nípọn débi pé ooru kì í tètè wọlé, bó bá sì wọlé tán, kì í tètè jáde. Obìnrin kúkúrú ni Ìyá Àgbà. Ẹnu rẹ̀ mú. Orúnkún rẹ̀ kan ti kọ̀, kò nà mọ́. Nígbà tí bàbá ọkọ mi wà láyé, ó gbà kó máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní bó bá jẹ́ orin ló fẹ́ gbọ́, kó máa lọ gbọ́ orin, ṣùgbọ́n kò sí ọkùnrin kankan tó máa gbá ìyàwó òun mú kó rì í bọ omi. Ìyá Àgbà sì ń lọ bẹ́ẹ̀, ó ń jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú àwọn tí kò tíì wọlé dáadáa, títí orí rẹ̀ fi funfun.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Sókótó ò ní àlùfáà tirẹ̀. Ọ̀kan ló máa ń ti ìsàlẹ̀, ìyẹn ilẹ̀ Yorùbá, wá bẹ̀ wá wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Rélùwéè ló máa ń gbé e dé Gusau, kó tó wá wọ lọ́rì dé ọ̀dọ̀ wa. Lẹ́yìn òjò ló sábà máa ń wá, tí odò bá kún, inú odò yẹn náà ló sì ti máa ń ri èèyàn bọmi. Lọ́dún kan tó wá, Ìyá Àgbà ti padà sílé lọ sin àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, orúnkún yẹn wú, kò lè dìde lórí ẹní. Ọdún tí mò ń sọ yìí wá jẹ́ pé àárín ooru gan-an ni àlùfáà ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀, nígbà tí odò ti fà tán, tí màlúù ń gba àárín rẹ̀ kọjá tí omi ò sì dé wọn ní kókósẹ̀.

Àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì ní kí Ìyá mú sùúrù di ọdún mìíràn. Baba Díákónì, tó jẹ́ ẹni tó ń kó wa jọ nígbà tí àlùfáà ò bá sí, wá sílé wa, ó jókòó sórí àpótí, ó la Bíbélì.

“Ìyá,” ó ní, “ẹ fọkàn balẹ̀. Olè tí wọ́n kàn mọ́gi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jésù, ta ló rì í bọmi? Ó sì dé Párádísè lọ́jọ́ náà gan-an.”

Ìyá Àgbà wò ó. “Ẹ ṣé o, Díákónì. Nínú Bíbélì tó tóbi tó báyìí, ìgbà tí ẹ máa wá ẹni tí ẹ máa fi mí wé, olè lẹ rí.”

Ọkọ mi yíjú sí ògiri kí wọ́n má báa rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín. Baba Díákónì ní, “Ìyá, èmi ò sọ bẹ́ẹ̀.”

“Olè yẹn, ìṣó ló dá a dúró. Bí wọ́n bá tú u sílẹ̀, ṣé kò ní lọ sódò ni? Èmi, kò sí ìṣó lọ́wọ́ mi. Ẹ lọ wá omi fún mi.”

Ohun tó jẹ́ kó máa kánjú, èmi nìkan ló sọ ọ́ fún, nígbà tí mò ń fi òrí pa orúnkún rẹ̀. Kí n sọ èyí ná: àkọ́bí mi kú sí mi lọ́wọ́ nínú ooru ọdún tó ṣáájú. Àrùn tí àwọn Hausa ń pè ní sankarau ló pa á, tó máa ń jẹ́ kí ọrùn èèyàn le gbagidi. Láti ìgbà náà, mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mò ń jókòó, mò ń dìde, ṣùgbọ́n n kì í kọrin. Ìyá Àgbà mọ̀, kò bá mi wí. Òun náà ti sin ọmọ ju èyí tó ṣẹ́ kù lọ.

Ọjọ́ yẹn ló wá sọ pé, “Ìyàwó, gbogbo àwọn èèyàn mi tó kú, mo dúró níbẹ̀, mo rí bí wọ́n ṣe gbé wọn wọlẹ̀. N ò rí ibi tí wọ́n ti gbé ẹnì kankan jáde rí. Wọ́n ní tí wọ́n bá ń ṣe ìrìbọmi, wọ́n á gbé èèyàn wọlẹ̀, wọ́n á sì tún gbé e jáde, pé bí àjíǹde ṣe máa rí nìyẹn. Mo fẹ́ mọ bó ṣe ń rí lára. Ara mi ń sọ fún mi pé n ò ní ọdún tí màá máa fi ṣòfò mọ́.”

Mò ń pa orúnkún náà lọ. Ṣùgbọ́n inú mi ń sọ pé, èmi náà fẹ́ mọ̀.

Bí àwọn ọkùnrin wa ṣe pinnu láti gbẹ́ kòtò nìyẹn. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí, lọ́jọ́ Sátidé. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn, bí wọ́n sì ṣe ń gbẹ́ kòtò nílé náà ni wọ́n gbẹ́ eléyìí. Nílé, tí o bá gbẹ́ ilẹ̀ pupa tí òjò sì rọ̀ sí i, ewúrẹ́ á máa mu omi níbẹ̀ títí wọ́n á fi gbàgbé ìgbà tí òjò yẹn rọ̀. Wọ́n fi ọwọ́ tẹ́ etí kòtò náà, ó dán. Ọkọ mi tiẹ̀ gé àtẹ̀gùn kéékèèké sí i nítorí orúnkún ìyá rẹ̀. Ẹ bá rí bí wọ́n ṣe ń yan.

Àwọn mẹ́ruwà, àwọn Hausa tó máa ń fi garawa ta omi, ni wọ́n háyà láti kún un. Wọ́n ń ti kànga bọ̀, wọ́n ń dà á sínú kòtò, wọ́n ń padà lọ. Nígbà tó ṣe, àgbà inú wọn gbé garawa rẹ̀ sílẹ̀, ó kí wa kú iṣẹ́, ó sì bi Baba Díákónì pé kí la fẹ́ fi omi yìí mọ, ṣé bíríkì ni?

Hausa Baba Díákónì ò jinlẹ̀. Ó ní, “Wanka.” Ìyẹn ni ìwẹ̀.

“Ìwẹ̀ ta ni?”

Baba Díákónì nawọ́ sí Ìyá Àgbà, tó jókòó sábẹ́ igi dógóyárò tó ń ṣọ́ omi rẹ̀. Mẹ́ruwà yẹn wo ìyá kúkúrú náà, ó wo kòtò, ó wo àwọn èèyàn rẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ dinú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó sún mọ́ Ìyá Àgbà, ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ó sì bá a sọ̀rọ̀ lédè Hausa. Ọkọ mi túmọ̀ rẹ̀: ó ní ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo lẹ wẹ̀ gbẹ̀yìn?

“Sọ fún un,” Ìyá Àgbà wí, “pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi ni ìdọ̀tí ọ̀hún ti wà níbẹ̀.”

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, omi ti dé ìbàdí ọkùnrin. Lọ́rì gbé àlùfáà dé, eruku ti jẹ́ kí irun ojú rẹ̀ pupa. Ó wo omi náà, ó yìn wá, ó ní òun ò rí irú èyí láti Gusau títí dé ibí. A fi ẹní bo kòtò, a sì lọ sùn. Ká sọ tòótọ́, èmi ò sùn. Bí ọmọdé tí wọ́n ṣèlérí aṣọ ọdún fún ni mo rí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, èmi àti obìnrin mìíràn ló kọ́kọ́ dé láti gbálẹ̀. Mo ká ẹní kúrò. Omi ò sí. Ìsàlẹ̀ kòtò kàn tutù lásán, ó ń dán bí ẹ̀yìn ṣíbí, alángbá kan sì dúró láàárín rẹ̀, ó ń mi orí sí wa.

Kí n tó délé sọ, gbogbo wọn ti dé. Baba Díákónì yí kòtò náà po, ó ń wo ilẹ̀. “Wọ́n ti jí i,” ó ní.

Ọkọ mi ní, “Kí ni wọ́n jí, Bàbá?”

“Omi. Ẹ wo ẹsẹ̀ níbí.”

“Ẹsẹ̀ yín nìyẹn, Bàbá.”

Obìnrin kan wà tí ògiri ilé rẹ̀ fara kan ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ìran Ìlọrin ni, Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n Sókótó ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì bí ìyá rẹ̀ sí. Ó yọjú lórí ògiri, ọwọ́ rẹ̀ ṣì kún fún ìyẹ̀fun jéró.

“Ẹ̀yin ará ìsàlẹ̀,” ó ní, “ẹ gbẹ́ iyanrìn, ẹ wá bomi sí i. Ta ló jí i? Sókótó ló mu ún. Ẹ ò bá bi mí lánàá.”

“Kí ló dé tí ìwọ náà ò sọ?” Baba Díákónì bi í.

“Mo rò pé ẹ ní àdúrà tí ẹ máa gbà sí i ni.”

Ní ọjọ́ mìíràn, gbogbo wa ì bá rẹ́rìn-ín. Àmọ́ Ìyá Àgbà ti dé. Ó ti wọ aṣọ funfun tí a rán fún un, ó fi gèlè funfun wé orí, ó dúró ti ọ̀pá rẹ̀ létí kòtò, ó ń wo ìsàlẹ̀. N ò rí i kó dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, àní nígbà tí a sin ọmọ mi, ó sọ̀rọ̀.

Àlùfáà ní ó dùn òun gan-an. Lọ́rì tó gbé e wá náà ló máa gbé e padà, ó sì gbọ́dọ̀ kúrò kí oòrùn tó kan àtàrí, torí rélùwéè ò ní dúró dè é ní Gusau. Ó ní, “Ìyá, Ọlọ́run rí ọkàn yín. Lọ́dún tó ń bọ̀…”

“Àlùfáà,” Ìyá Àgbà dá a lẹ́nu dúró, “kí ló máa ń gba omi dúró?”

Ó ti yíjú sí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí lọ́rì náà wà. Ẹ̀pà ni wọ́n kó sí i, àpò lórí àpò, wọ́n sì fi tapólì tuntun bò ó, aṣọ nínípọn tí wọ́n fi ọ̀dà kùn kí òjò má baà wọ inú rẹ̀. Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ síbẹ̀, tòun ti ọ̀pá. Mo tẹ̀ lé e.

Ọmọ Òṣogbo ni dẹ́rẹ́bà. Ó ń jẹ kósàí, àkàrà àwọn Hausa, lẹ́bàá táyà, ó ń nu ọwọ́ tó lépo mọ́ ṣòkòtò. Kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí láti ọjọ́ tó gbéyàwó, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, Ìyá,” ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. “Mo gbọ́ pé omi yín ti lọ.”

“Ó ti lọ. Tapólì rẹ ni mo wá yá.”

“Háà, Ìyá. Tapólì yìí ò ju oṣù yìí lọ. Ẹ̀pà ni wọ́n rà á fún.”

“Kó má baà ṣe kí ni?”

“Kí òjò má baà pa á.”

Ìyá Àgbà gbójú sókè wo ojú ọ̀run. Dẹ́rẹ́bà náà wò ó. Kò sí ìkúukùu kan tó tó ọmọ adìyẹ. Òjò ṣì jìnnà sí Sókótó bí Èkó ṣe jìnnà sí i.

Dẹ́rẹ́bà wo ilẹ̀. Ó ní, “Ìyá, eruku ńkọ́? Ojú ọ̀nà Gusau, eruku ni látòkèdélẹ̀. Torí eruku la ṣe ń bò ó.”

“Èmi náà, eruku ni mí,” Ìyá Àgbà wí. “N ò sì ní pẹ́ padà síbẹ̀. Ẹ̀pà rẹ lè dúró fún wákàtí díẹ̀. Fi tapólì yẹn bá mi gba omi dúró kí n tó lọ, ọmọ mi.”

Dẹ́rẹ́bà jẹ kósàí rẹ̀ tán, ó rọra jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ó gun orí àpò lọ, ó ń tú okùn, ó sì ń kùn pé òun mọ̀ pé bí òun bá ti páàkì sí iwájú ilé Ọlọ́run báyìí, wọ́n máa rí nǹkan gbà lọ́wọ́ òun.

Inú wa dùn, àmọ́ kò pẹ́ tí ọkọ mi fi ti kànga dé. Ó ní ẹrẹ̀ ló ń jáde. Omi tí àwọn mẹ́ruwà fà láti àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ti gbẹ kànga náà dé ìsàlẹ̀, àwọn mẹ́ruwà fúnra wọn sì ti gba ọ̀nà kànga òkèèrè lọ. Tapólì wà nínú kòtò, ó ti tẹ́ dáadáa, kò sì sí omi.

Èmi ni mo sọ ọ́, n ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Mo ní, “Omi wà nílé wa. Omi tí à ń mu.”

Gbogbo wọn wò mí. Mo ti ń sáré.

Ẹ gbọ́, n kì í ṣe ẹni tó ń sáré. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, mo sáré títí gèlè mi fi já bọ́, n ò padà mú un. Mo gbé ìkòkò inú ilé, èyí tí a máa ń fi igbá bò, tí omi rẹ̀ máa ń tutù bí òjò. Ọkọ mi dé ẹ̀yìn mi, ó gbé èyí tó tóbi. Mo ní, “Ọkọ mi, aṣọ yín.” Ó ní, “Fi aṣọ sílẹ̀, ràn mí lẹ́rù.” Omi ń dà sí i lójú, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a dé ojú ọ̀nà, mo rí i pé kì í ṣe àwa nìkan. Láti ilé gbogbo tí ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wà ni wọ́n ti ń jáde, pẹ̀lú ìkòkò, pẹ̀lú kẹ́tùrù, pẹ̀lú ìgò. Akọ̀wé kan, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, gbé ife tíì kan ṣoṣo lọ́wọ́, ó ń rọra rìn kó má baà dà nù. Wọ́n ń pè é pé, “Akọ̀wé, ṣé tíì lẹ fẹ́ fún Ìyá ni?” Ó ní, “Èyí ló kù nílé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tì mí.” Àwọn Hausa ládùúgbò jáde sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò wá. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ti gbiná.

A dà á sínú kòtò, a tún dà á sí i. Nígbà tí ìkòkò gbogbo tán, omi náà dé orúnkún.

Àlùfáà ti wọ aṣọ ìrìbọmi rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dúró sínú rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. “Kò tó,” ó ní. “Ìyá, kò lè bo yín.”

“Èmi ni mo ga jù níbí ni?” Ìyá Àgbà wí. Ó ju ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, ọkọ mi dì í mú lápá kan, èmi lápá kejì, ó gba àtẹ̀gùn yẹn sọ̀ kalẹ̀. Ó jókòó sínú omi bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ wẹ̀. Omi dé àyà rẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń sunkún, Baba Díákónì ń ṣe méjèèjì. Àlùfáà kúnlẹ̀ tòun ti aṣọ rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbàdúrà, ó pe orúkọ rẹ̀, ó bi í ohun tí wọ́n máa ń bi èèyàn. Ìyá Àgbà dáhùn gbogbo rẹ̀, ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Àlùfáà wá tẹ́ ẹ sẹ́yìn.

Orí wọlé. Àyà wọlé. Orúnkún tí kò nà yẹn dúró síta gbọnrangandan lójú gbogbo ènìyàn.

Àlùfáà tètè gbé e dìde. Baba Díákónì ní, “Orúnkún ò wọlé o.”

Ẹnì kan ní orúnkún ò ṣe nǹkan. Ẹlòmíràn ní gbogbo ara ni Bíbélì wí. Wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn sórí obìnrin tó jókòó sínú omi. Ìyá Àgbà nu ojú rẹ̀, ó tu omi ẹnu rẹ̀ dànù. “Gbogbo mi ló máa wọlé,” ó ní. “Orúnkún yìí ló fìyà jẹ mí jù, òun ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ sin. Ìyàwó, wọlé wá. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n.”

Mo wọlé tòun ti bàtà. Mo gbá orúnkún náà mú níbi tí mo máa ń fi òrí pa. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí, omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo gbójú sókè. Obìnrin ará Ìlọrin ni. Ó ti gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ìkòkò ilé rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń dà á sínú kòtò wa díẹ̀díẹ̀ títí ó fi gbẹ. “Toh,” ó ní, “ìkòkò mi nìyẹn. Ẹ tètè sin orúnkún Ìyá, ọkà mi ń jóná.”

Àlùfáà tún tẹ́ ẹ sẹ́yìn. Mo tẹ orúnkún. Mo gbọ́ bó ṣe dún. Orí, àyà, ọwọ́, orúnkún, gbogbo rẹ̀ wọlé, omi sì pa dé lórí rẹ̀. Mo rí ojú rẹ̀ lábẹ́ omi. Ó là á sílẹ̀, ó ń wo òkè. Ó dà bíi pé ó pẹ́. Ẹ̀rù bà mí, torí bẹ́ẹ̀ gan-an ni ojú ọmọ mi ṣe dákẹ́. Lẹ́yìn náà, apá àlùfáà le, ó gbé e, ó sì jáde wá, omi ń ṣàn lára rẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

Ó yíjú sí mi, kì í ṣe sí àlùfáà.

“Ó tutù,” ó ní. “Ìyàwó, kì í ṣe nǹkan ẹ̀rù rárá. Ọwọ́ ọkùnrin yẹn ò fìgbà kan kúrò lẹ́yìn mi.”

Èmi ni mo dá orin. Àwọn tó wà níbẹ̀ lè jẹ́rìí, ìyẹn bó bá ku ẹnì kan. N ò mọ̀ pé mo fẹ́ dá a. Ó kàn jáde, ohùn mi ti dípẹta láti ìgbà tí n ò ti kọrin, mo sì gbé e ga jù, wọ́n fi tipátipá bá mi gbé e. Ọkọ mi ń pàtẹ́wọ́, ó ń wò mí bíi pé èmi ni wọ́n rì bọmi.

Nígbà tí a gbé ọkọ mi wọlẹ̀ nínú ọyẹ́ tó kọjá, àwọn ọmọ mi dì mí mú, wọ́n rò pé màá ṣubú. Ohun tó wà lójú mi ni Ìyá Àgbà lábẹ́ omi, pẹ̀lú ojú tó là sílẹ̀, àti apá àlùfáà lábẹ́ rẹ̀. Mo sunkún o. Mo ṣì ń sun ún. Ṣùgbọ́n mo ti rí ìdajì kejì rẹ̀ rí, ọwọ́ mi wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n parí ti ọjọ́ yẹn. Dẹ́rẹ́bà ò jẹ́ ká gbádùn orin náà tán, ó ń pè pé tapólì òun, tapólì òun. A fà á jáde, omi inú rẹ̀ dà sínú iyanrìn, kí a tó ṣẹ́jú, Sókótó ti tún mu ìyẹn. Ó dì í mọ́ ẹ̀pà ní tútù, àlùfáà gòkè sí iwájú pẹ̀lú aṣọ tó ṣì ń rin, wọ́n sì lọ. A juwọ́ sí eruku wọn.

Ìyá Àgbà kọ̀, kò pààrọ̀ aṣọ. Ó jókòó sábẹ́ dógóyárò, ó ní kó gbẹ sí òun lára. Ooru ọjọ́ yẹn, kò tiẹ̀ pẹ́. Ó wá ní, “Ìyàwó, fún mi lómi mu.”

Mo dìde. Mo dúró. Mo wo ọkọ mi, ọkọ mi wo Baba Díákónì. Kò sí omi nílé wa. Kò sí nílé Baba Díákónì. Kò sí nínú ife akọ̀wé. Nínú gbogbo ilé Kristẹni tó wà ní Tudun Wada, àti nílé Mùsùlùmí kan, kò sí ẹ̀kán omi tí èèyàn lè fi ra ahọ́n.

Nígbà tí mo sọ fún un, Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi mú. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ẹnu gbígbẹ la fi ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ó dáa, ẹ gbé mi lọ sí ìdí kànga. A ó jókòó dè é.”

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló bá a lọ. A jókòó yí kànga náà ká nínú oòrùn, a da aṣọ borí, a ń kọrin, a ń gbé e lọ, a ń gbé e bọ̀, ọkọ mi sì ń ju garawa sísàlẹ̀ lóòrèkóòrè, ó ń tẹ́tí. Ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀. Lẹ́yìn náà, a gbọ́ ọ tó dún yàtọ̀. Ó fà á sókè, omi wà nínú rẹ̀, ó pọ́n díẹ̀. A jẹ́ kó tòrò. Mo bu èyí tó wà lókè sínú ife akọ̀wé, mo kúnlẹ̀, mo gbé e fún Ìyá Àgbà.

Ó gbà á, ó wò ó. Kò mu ún. Ó wo àárín wa títí ó fi rí obìnrin ará Ìlọrin, tó dúró lẹ́yìn pẹ̀lú ìkòkò òfìfo rẹ̀, tó ń dúró de ìgbà tó máa kàn án.

“Gbé e fún un,” ó ní. “Òun ló bo orúnkún mi.”